Òfì Tó Fara Ti Ògiri ní Kábà

Bí àlejò bá dé Kábà tó ní kí wọ́n júwe àdúgbò àwọn ahunṣọ fún òun, ìbéèrè ni wọn yóò fi dá a lóhùn: ahunṣọ ti ilé ta ni? Ìsẹ́yìn ní agboolé tí àwọn ọkùnrin ti ń na òwú gbọọrọ sí ìta, tí òfì tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ àtíbàbà. Kyoto, ìlú tí ọba Japan fi ṣe ibùjókòó láti ọdún 794 títí di ìgbà tó kó lọ sí Tokyo lẹ́yìn ọdún 1868, ní Nishijin, àdúgbò kan ní apá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìlú náà tó jẹ́ pé aṣọ híhun ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ti Kábà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfì ti Kábà máa ń fara ti ògiri ni, nínú yàrá ìyá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ ìbòòji, láti ilé dé ilé, láti Kátù dé Odòlú, àti láti ibẹ̀ dé àwọn abúlé Bùnú àti Ìjùmú. Nígbà tí ayé òwú ṣì gún régé, kò sí àdúgbò ahunṣọ ní Kábà nítorí pé kò sí àdúgbò tí kì í ṣe tiwọn.

Ohun tó bá fọ́n ká báyìí ṣòro fún òpìtàn láti mú. Ẹni tó ń kọ ìtàn ìlú máa ń wá ibi tí yóò na ìka sí: ààfin, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìyàwó ilé kì í bọ́ sínú àwòrán ilẹ̀. Síbẹ̀, èmi gbà pé bí ènìyàn bá fi sùúrù wo ìró kan tí obìnrin ibẹ̀ hun, yóò rí ọ̀nà àti ogun àti ọjà tó sọ Kábà di Kábà nínú rẹ̀, ju bó ṣe máa rí i nínú ìwé ìjọba lọ.

Kábà jókòó sáàrin àwọn òkè olókùúta, níbi tí ọ̀dàn àti igbó ti pàdé. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ni Lọ́kọ́jà wà, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti dà pọ̀. Bí o bá dorí kọ ìsàlẹ̀, Ọ̀kẹ́nẹ́ ti àwọn Ẹ̀bìrà lo ń lọ. Ọ̀nà mìíràn gba Ìyámoyè já sí Òmùò-Èkìtì. Òmíràn la ilẹ̀ Ìjùmú àti Ìyàgbà kọjá, ó kan Mọ́pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, kó tó bọ́ sí ọ̀nà Ìlọrin. Àwọn Bùnú fọ́n ká sí òkè lọ́hùn-ún nínú abúlé kéékèèké. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní Kábà, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín kó rí i pé òótọ́ ni. Àwọn Owé ló ni ìlú, wọ́n sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a ń pè ní Òkun lápapọ̀, pẹ̀lú Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Ilẹ̀ ọ̀dàn gba òwú dáadáa. Igbó ní tirẹ̀ ní èlú, tí ewé rẹ̀ ń di aró. Ìlú tí méjèèjì bá wà ní ìtòsí rẹ̀ ti ní ìdajì aṣọ lọ́wọ́.

Ìlú náà fúnra rẹ̀ pín sí mẹ́ta, Kábà gan-an, Kátù àti Odòlú. Oyè mẹ́ta ló ga jù níbẹ̀, Ọbáro, Ọbadọ̀fin àti Ọbajẹ̀mu, Ọbáro sì ni olórí wọn. Eva Krapf-Askari, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá tó ṣèwádìí láàrin àwọn Owé ní àwọn ọdún 1960, kọ ìwé kan tó jáde ní 1969, Yoruba Towns and Cities, níbi tó ti ń wádìí ohun tó ń sọ ìlú Yorùbá di ìlú. Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn tèmi kì í ṣe ti ọ̀mọ̀wé: ìlú ni ibi tí obìnrin ti lè hun aṣọ fún ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ òfì náà. Igi méjì dúró, igi méjì dùbúlẹ̀ mọ́ wọn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òwú yóò gba iwájú gòkè, yóò fò lórí igi òkè, yóò gba ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀, yóò yí igi ìsàlẹ̀ po, yóò tún gòkè, láìjá, títí yóò fi fẹ̀ tó bí ẹni tó ni ín ṣe fẹ́. Ọkùnrin tó ń hun aṣọ òkè ń na òwú tirẹ̀ lọ sí ọ̀ọ́kán, ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń hun, ó sì lè gùn débi tó bá wù ú. Ti obìnrin fẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò lè ju ìlọ́po méjì gíga òfì lọ. Òun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní kíjìpá, aṣọ tó nípọn, tí oko kò lè tètè fà ya.

Títa òwú sórí igi yìí ni ojú àlejò máa ń fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni aṣọ ti ń dára tàbí kó bàjẹ́. Bí ọwọ́ bá fà á le níhìn-ín tó sì dẹ̀ lọ́hùn-ún, aṣọ yóò yọ ikùn lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé e kúrò lórí òfì, kò sì sí irin ìlọṣọ tó lè tún un ṣe. Ìyá tó mọ iṣẹ́ kì í gba ojú rẹ̀ gbọ́ nídìí èyí. Ìka ló ń fi gba orí òwú kọjá láti òsì sí ọ̀tún, ó ń tẹ̀ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbọ́ ọ. Ibi tó bá dẹ̀, yóò fà á díẹ̀, yóò sì máa gbé dídẹ̀ náà kiri lókè àti nísàlẹ̀ títí yóò fi pín in dọ́gba fún gbogbo wọn. Ní àkókò yìí kan náà ló ti ń pinnu àwọn ìlà aṣọ: aró mélòó, funfun mélòó, èwo ni yóò wà ní etí, èwo ni yóò wà ní àárín. Kò sí ìwé tó kọ ọ́ sí. Bí o bá bi í pé báwo ló ṣe ń rántí, á wò ọ́ bí ìgbà tí o bi í pé báwo ló ṣe ń rántí orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìdajì òwú náà, ọ̀kan fo ọ̀kan, ni ó fi okùn tín-ín-rín so mọ́ ọ̀pá kan tó wà níwájú. Ìdajì kejì gba iwájú ọ̀pá mìíràn tó nípọn díẹ̀, tó wà lókè ti àkọ́kọ́. Bó bá fa ọ̀pá tó so okùn mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, òwú tó so mọ́ ọn yóò tẹ̀lé e, ẹnu yóò là láàrin méjèèjì. Yóò ti pátákó gígùn pẹlẹbẹ kan bọ ẹnu náà, igi líle tí ọwọ́ ti lò títí tó fi ń dán, yóò yí i dúró kí ẹnu má baà pa dé. Yóò ki igi tí òwú wé mọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Yóò dá pátákó náà délẹ̀, yóò sì fi gbá òwú tuntun náà mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀: gbì, gbì. Lẹ́yìn náà ni yóò jọ̀wọ́ ọ̀pá iwájú, tí yóò fi ọ̀pá kejì ṣí ẹnu mìíràn. Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ẹnu kan, òwú kan, gbígbá kan, láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi pè é.

Bí o bá kí i, “Òkun o, ìyá,” yóò dáhùn, yóò béèrè àwọn ará ilé rẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò ní etí aṣọ. Etí aṣọ lèmi náà kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fa òwú tó ń kọjá lọ tààrà, ó rò pé mímọ́ nìyẹn; òwú náà á fún etí méjèèjì wọlé, aṣọ á sì máa tín-ín-rín bó ṣe ń gòkè. Bó bá bẹ̀rù èyí tó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ jù, etí á yọ kókó. Ọ̀gá máa ń jẹ́ kí òwú náà ga díẹ̀ láàrin, kó tẹ̀ bí òṣùmàrè, kó tó gbá a sílẹ̀. Gíga yẹn ló ń fún òwú ní ààyè láti wọ́ lọ sókè sódò láàrin àwọn yòókù láìfa etí. Ẹnikẹ́ni kò wọ̀n ọ́n fún un. Bí aṣọ bá kúrò lórí òfì, tí etí rẹ̀ gún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gíga òṣùmàrè yẹn kò yí padà ní gbogbo ìgbà tó fi hun ún, lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ dá àti lọ́jọ́ tí kò dá.

Òpin òfì ni ọ̀gá tún ti ń yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Bó ṣe ń hun, ó ń fa èyí tó ti parí sísàlẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn gòkè. Nígbà tó bá yá, ìbẹ̀rẹ̀ aṣọ yóò yọ lókè, yóò máa sún mọ́ ibi tó ń hun. Àyè yóò máa há. Pátákó kò ní lè yí dúró mọ́. Yóò mú èyí tó kéré sí i, lẹ́yìn náà igi tín-ín-rín, títí yóò fi ku ibi tí ìka nìkan lè wọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ti sú á ti sáré mú ọ̀bẹ. Ọ̀gá á ṣì máa hun lọ, ó ń ṣí òwú níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èékánná, nítorí ìwọ̀n ìka díẹ̀ sí i yẹn ló máa jẹ́ kí ìró náà yí obìnrin tó bá lára po. Èyí tí kò ṣeé hun mọ́ ni wọ́n ń gé láàrin, òun ló ń di wáwá etí aṣọ.

Mo sọ̀rọ̀ òwú bí ẹni pé ọjà ni a ti rà á. Ní ayé ìyá àgbà, òwú gan-an ni iṣẹ́, híhun ni ìsinmi. Wọn á fi ọ̀pá irin yí i lórí òkúta tó tẹ́jú kí hóró inú rẹ̀ lè bọ́, wọn á fi ọrun kékeré gbọ̀n ọ́n kó wú, kí wọ́n tó jókòó ti ìrànwú. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò gba òfì mọ́ ṣì ń ran òwú, ìka ló fi ń ríran. Bí ẹni kan bá ń hun, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti gbọdọ̀ ran án sílẹ̀ dè é, ìdí nìyí tí òfì kan nínú agboolé fi ń fún gbogbo àwọn obìnrin ibẹ̀ níṣẹ́ ṣe. Wọn á fi ògì wẹ òwú náà kó lè le, kó má baà máa yọ irun nígbà tí òfì bá ń fà á.

Aró náà ní tirẹ̀. Wọn á gún ewé èlú, wọn á ṣù ú, wọn á sá a gbẹ. Wọn á fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rú, tí òórùn rẹ̀ yóò sì gba àdúgbò. Ohun tó máa ń ya ẹni tí kò rí i rí lẹ́nu ni pé òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú ẹni. Aláró tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò pẹ́ kó lè dúdú. Ó ń rì í, ó ń yọ ọ́, ó ń jẹ́ kó mí, ó tún ń rì í. Aró tó dúdú dépò tí oòrùn fi ń dán lára rẹ̀ ti wọ ìkòkò lọ́pọ̀ ìgbà.

Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà ń ja ilẹ̀ Òkun lógun, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, wọ́n sì fi àwọn aṣojú tí wọ́n ń pè ní ògbà sí ìlú láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ abúlé gun orí òkè lọ. Mo máa ń ronú nípa òfì nígbà tí mo bá ń ka ìtàn yìí. Òfì ọkùnrin ní ẹ̀yà púpọ̀ tí gbẹ́nàgbẹ́nà gbọdọ̀ gbẹ́. Òfì obìnrin kò ju igi mẹ́rin àti ọ̀pá díẹ̀ lọ. Obìnrin tó di ìrànwú àti pátákó rẹ̀ mọ́ra sá lọ ti gbé ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ, igbó ibi tó bá dé ni yóò fún un ní ìyókù. N kò mọ irinṣẹ́ mìíràn tó bá irú ayé bẹ́ẹ̀ mu tó o.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun tó lé ní 500 kúrò ní Lọ́kọ́jà, ó dorí kọ Kábà, nítorí ọmọ ogun Núpé pàgọ́ sí agbègbè náà. Kí wọ́n tó dé, àwọn yẹn ti lọ. Goldie yí padà sí Bídà, ibẹ̀ ni wọ́n ti jà kí oṣù náà tó parí. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Orúkọ Kábà di orúkọ ẹkùn ńlá, Kabba Province, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́jà létí odò ni wọ́n gbé ọ́fíìsì sí. Kábà di apá kan Kwara ní 1967, ó bọ́ sínú Kogi ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Àwọn tó fẹ́ kó wà pẹ̀lú Yorùbá yòókù ti ń sọ ọ́ láti ìgbà ìgbìmọ̀ Willink, tó gbọ́ ẹ̀dùn àwọn ẹ̀yà kéékèèké, ní 1957 àti 1958, wọn ò sì tíì dákẹ́.

Ogun wà nínú ìtàn Nishijin ti Kyoto pẹ̀lú, òun ló tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ: ibùdó ìwọ̀-oòrùn. Láti 1467 dé 1477, ogun tí wọ́n ń pè ní Ōnin jó Kyoto kanlẹ̀, ọmọ ogun Yamana Sōzen sì fi apá ibẹ̀ ṣe àgọ́. Àwọn ahunṣọ sá kúrò, àwọn kan lọ sí Sakai létí òkun. Nígbà tí ogun parí, orí ilẹ̀ tí ọmọ ogun fi sílẹ̀ ni wọ́n padà wá gbé òfì wọn kà. Títí di òní, Nishijin kì í ṣe orúkọ tí ìjọba fi pín ìlú. Kò sí gbọ̀ngàn ìjọba tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ló pa ààlà fún un, ibi tí a kò bá ti gbúròó òfì mọ́ ni àdúgbò náà parí sí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò yẹ kí a máa wá àdúgbò kí a tó wá iṣẹ́. Bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọn Kábà, àdúgbò ahunṣọ rẹ̀ kò mọ sí ààlà ìlú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Owé, ó wọ Bùnú, ó kan Ògìdì ní Ìjùmú, ó sì fara kan Ọ̀kẹ́nẹ́.

Àwọ̀ pupa ló sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ketekete jù. Àwọn Bùnú ní aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sìnkú olóyè, tí wọ́n ń ta sára ilé òkú kí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lè mọ irú ẹni tó lọ. Wọ́n tún fi ń rán ẹ̀wù eégún. Aró wà nílé. Osùn wà, ṣùgbọ́n osùn kì í pẹ́ kó tó ṣí lára aṣọ. Pupa tó jinlẹ̀, tí omi kò lè fọ̀ lọ, ìrìn-àjò ló ń gbé e wá. Nígbà kan rí, àwọn ahunṣọ máa ń tú aṣọ pupa tó ti òkèèrè dé, títí kan búláńkẹ́ẹ̀tì pupa ilé ìwòsàn, fọ́nrán lẹ́yìn fọ́nrán, wọ́n ń fi òwú irun àgùntàn inú rẹ̀ hun aṣọ ìpò. Ẹ wo iye sùúrù tó wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì hun, ọwọ́ tú. Ohun tí ọwọ́ tú, ọwọ́ tún hun. Búláńkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó bo aláìsàn padà di ẹ̀yẹ òkú olóyè. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá fẹ́ kọ ìtàn bí ọjà òyìnbó ṣe gba odò Ọya wọ Lọ́kọ́jà, tó gba Lọ́kọ́jà wọ abúlé Bùnú, kó fi ìwé ìṣirò sílẹ̀ ná, kó wá fọwọ́ kan aṣọ yìí.

Iṣẹ́ ọnà orí rẹ̀ ni mo kà sí àgbà. Òwú tó ń ṣe ọnà kì í ṣe èyí tó di aṣọ mú. Àfikún ni, wọ́n ń fi í sí àárín gbígbá kan àti èkejì, ó ń fò lórí òwú bíi mélòó kan, ó ń wọlẹ̀, ó ń yọ. Ahunṣọ ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣa òwú tí yóò fò náà, ó ń kà á. Bó bá ṣì í ka ní ẹyọ kan, ìlà tó yẹ kó dàgẹ̀rẹ̀ yóò yẹ̀, kò sì ní hàn títí yóò fi hun tó ìbú ọwọ́ kan lé e. Àṣàyàn méjì ló kù fún un nígbà náà: kó tú u, tàbí kó sọ àṣìṣe náà di ọnà nípa títún un ṣì lápá kejì. Mo fura pé ọ̀pọ̀ ọnà tí a ń yìn lónìí gba ọ̀nà kejì wá.

Elisha Renne, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé láàrin àwọn Bùnú ní ìparí àwọn ọdún 1980, kọ ìwé kan lórí gbogbo èyí, Cloth That Does Not Die, tó jáde ní 1995. Ó kọ nípa aṣọ ìpò, nípa aṣọ funfun tó jẹ mọ́ ẹbọra, nípa aṣọ dúdú tí ìyàwó ń gbé lọ ilé ọkọ. Kí ó tó dé, òfì ti ń dákẹ́ nílé púpọ̀. Iléèwé ló kó ọmọbìnrin kúrò nídìí rẹ̀, aṣọ ilé-ẹ̀rọ tó pọ́ọ́kú sì parí ìyókù. Èmi kò ní sunkún pé ọmọbìnrin lọ sí iléèwé. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí iléèwé náà kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, abẹ́rẹ́ àti kóróṣì ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́, bí ẹni pé ìyá wọn kò mọ nǹkan kan ṣe nílé.

Ọ̀kẹ́nẹ́ ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Àwọn obìnrin Ẹ̀bìrà sọ irú òfì kan náà di òwò, wọ́n ń hun fún ọjà tó jìnnà, wọ́n ń gba òwú dídán tuntun mọ́ra kíákíá. John Picton, tó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1960, ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn dáadáa. Ní Ògìdì, Nike Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951 tó sì kọ́ òwú àti aró lọ́dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀, dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀ lẹ́yìn tí òkìkí rẹ̀ ti kàn láti Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ kò ní láti jẹ́ ọmọ agboolé ahunṣọ. Ìyẹn nìkan ti yí iṣẹ́ náà padà: tẹ́lẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ́ni, ọmọ ń jókòó ti ìyá ni, ó ń wò.

Nishijin náà rí tirẹ̀. Ní 1730, iná jó òfì tó lé ní 3,000 níbẹ̀. Nígbà tí ọba kó lọ sí Tokyo, tí oníbàárà kó tẹ̀lé e, wọ́n rán ènìyàn mẹ́ta lọ sí Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1872 láti lọ kọ́ òfì Jacquard, èyí tí páálí tí wọ́n lu ihò sí ń bá ènìyàn ka òwú. Ẹ̀rọ náà wọlé, ó sì gba àdúgbò là. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń hun irú aṣọ tí wọ́n ń pè ní tsuzure. Àwọn wọ̀nyí máa ń fi ayùn kékeré rẹ́ orí èékánná ìka wọn ní eyín-eyín, eyín yẹn ni wọ́n sì fi ń tẹ òwú ọnà mọ́ra, àwọ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Bí a bá mú ọ̀kan nínú wọn wá sí Odòlú, kò ní mọ èdè, kò ní mọ oúnjẹ, ṣùgbọ́n bó bá rí ìyá tó ń fi èékánná ṣí òwú ní òpin òfì, yóò jókòó tì í.

Nísinsin yìí, kọnkéré ni ọ̀nà láti Ọbájànà dé Kábà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé símẹ́ǹtì Dangote gba orí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Èrò tó ń ti Àbújá lọ sí Èkìtì ń dúró ra iṣu. Bí wọ́n bá fẹ́ ra aṣọ, wọn yóò rí i, ṣùgbọ́n èyí tí ilé-ẹ̀rọ tẹ̀ tó jọ híhun wà láàrin wọn, kí olúwarẹ̀ ṣọ́ra. Yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Èyí tí ọwọ́ hun yóò fi ibi tí òwú ọnà ti fò hàn ọ́. Fa wáwá etí rẹ̀ wò. Òwú aṣọ gan-an ni, wọn kò rán an mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, kí o wo ojú rírán tó wà láàrin. Ìró obìnrin kì í jẹ́ abala kan. Méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n ń hun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n wá ń rán pọ̀. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan láàrin èkíní àti èkejì. Bí ọnà abala ọ̀tún bá bá ti òsì pàdé láti òkè délẹ̀, a jẹ́ pé agbára tí ìyá náà fi gbá òwú lọ́jọ́ kìíní ló fi gbá a lọ́jọ́ tó parí, láìní òṣùwọ̀n kankan lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mo ti rí ọ̀kan tí gbogbo ìlà rẹ̀ pàdé àyàfi ẹyọ kan, nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní wò. Ìyá tó hun ún ló na ìka sí i fún mi kí n tó rí i. Ó ní ọwọ́ òun le lọ́jọ́ yẹn, ó sì yọ owó díẹ̀ kúrò lórí iye tó pè láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.